Orí Keje: Ojúde, Gáréèjì àti Igi Ìbòòji ní Àárín Ìlú

Títì kan náà ló so Ìkìrun, Ìbà, Ìníṣà àti Òkukù pọ̀, ojú irin sì ń bá a rìn láti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí lọ́jọ́ ọjà yóò rí ohun kan náà láti ìlú dé ìlú: bí ọkọ̀ bá ṣe ń sún mọ́ àárín ìlú ni ìrìn rẹ̀ ń falẹ̀. Kòrópe ti dúró lápá kan, ọ̀kadà tò sí apá kejì, àwọn alátẹ ti gba orí gọ́tà, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń yọ́ rìn láàárín mọ́tò méjì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ibi tí àgbàlagbà tó rẹ̀ lè fìdí lé, àti igi tí yóò bò ó lórí.

Orí yìí dá lórí títún irú àárín ìlú bẹ́ẹ̀ tò, kí ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́jà àti igi lè rí àyè gbà nínú ilẹ̀ tí mọ́tò ti gbà tán. Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Ó kan owó, ó kan ìlera, ó kan ibi tí omi òjò ń gbà lọ.

Bí àárín ìlú ṣe rí kí mọ́tò tó dé

Akin Mábògùnjẹ́, onímọ̀ jọ́gíráfì tó kọ ìwé ńlá kan lórí àwọn ìlú Nàìjíríà ní 1968, àti G. J. Afọlábí Òjó, tó tẹ ìwé jáde lórí àwọn ààfin Yorùbá ní 1966, ti jẹ́ kí ètò ìlú àtijọ́ yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa. Ààfin wà láàárín. Ọjà ọba wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà láti àdúgbò gbogbo ń já sí ojúde yẹn, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà, tí wọ́n ti ń ṣọdún, tí wọ́n ti ń gbọ́ ìkéde, tí egúngún ti ń jó. Ilẹ̀ gbogbo ìlú ni, ẹsẹ̀ sì ni gbogbo ìlú fi ń dé ibẹ̀.

Ewéko kò jìnnà sí i. Ilẹ̀ ààfin Ọ̀wọ̀, tí Òjó wọ̀n, fẹ̀ ju hẹ́kítà 40 lọ, igbó sì wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú, ẹ̀yìn ààfin ni igi ti máa ń pọ̀ jù láàárín odi ìlú. Lójú ọjà, odán ni wọ́n sábà máa ń gbìn, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ a máa fẹ̀, ewé rẹ̀ a sì máa ṣú dùdù. Àkòko kì í jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń jẹ oyè. Pèrègún ń fi ààlà ilẹ̀ hàn. Àwọn tó tẹ ìlú dó mọ̀ pé ọjà tí kò ní ìbòòji kò lè pẹ́ títí dé ọ̀sán, nítorí náà igi jẹ́ ara ohun èlò ọjà bí ìsọ̀ àti àtẹ ṣe jẹ́.

Ojú irin dé apá ibí yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù dé, ó ń kó kòkó, iṣu àti èrò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ da ọ̀dà sí ọ̀nà, ibi tó rọrùn jù láti gbà ni ibi tí ọ̀nà ti wà látijọ́, ìyẹn ojúde. Báyìí ni títì tó ń lọ sí ìlú mìíràn ṣe là àárín ọjà kọjá. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ fẹ títì, igi ẹ̀bá ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dúró kó èrò níbi tí èrò wà, ibi ìdúró di gáréèjì, gáréèjì sì di ohun tí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Ilẹ̀ tí mọ́tò kan ń gbà

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀. Àyè tí wọ́n ń fà fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ kan níbi ìgbọ́kọ̀sí sábà máa ń gùn ní mítà 5, kí ó sì fẹ̀ ní mítà 2.5. Ìyẹn jẹ́ mítà 12.5 níbùú lóròó. Bí a bá fi ọ̀nà tí mọ́tò yóò gbà wọlé àti èyí tí yóò gbà jáde kún un, ó lè tó mítà 25 tàbí 30. Àtẹ oníata tó gùn ní mítà kan ààbọ̀, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, kò ju mítà 1.5 lọ. Kódà bí a bá fi àyè ìyá tó ń tajà àti oníbàárà tó dúró níwájú rẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹni mẹ́rin ni yóò rí ibi tajà lórí ilẹ̀ tí mọ́tò kan ṣoṣo dùbúlẹ̀ sí láti àárọ̀ di alẹ́.

Donald Shoup, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì California ní Los Angeles, lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lórí irú ìṣirò yìí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 2005. Àlàyé rẹ̀ ni pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ọ̀fẹ́ kò sí níbì kankan láyé: bí ẹni tó ni mọ́tò kò bá san owó ilẹ̀ náà, ẹlòmíràn ló ń san án. Ní ìlú wa, ìyá aláta tó ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ kí ó lè jókòó lórí gọ́tà ń san tirẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tó gbé Camry sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lè má san kọ́bọ̀. Ó yẹ kí ìyẹn dun ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn ìdájọ́ òdodo.

Lọ́dún 2005 kan náà, ẹgbẹ́ ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Rebar ní San Francisco fi owó sínú ẹ̀rọ tó ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí lójú títì, bí ọlọ́kọ̀ ṣe ń ṣe. Dípò mọ́tò, koríko ni wọ́n tẹ́ sórí àyè náà. Wọ́n gbé àga gígùn kan àti igi kan sí i, àwọn tó ń kọjá sì wá jókòó. Wákàtí méjì péré ni owó wọn gbà wọ́n láyè, ṣùgbọ́n fọ́tò ohun tí wọ́n ṣe tàn kálẹ̀, àwọn ìlú mìíràn káàkiri ayé sì ń ṣe irú rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ooru àti omi òjò

Ọ̀dà àti kànkéré máa ń gba oòrùn sára láti àárọ̀, wọ́n á sì tú u jáde títí di alẹ́. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé ojú ilẹ̀ tí ìbòòji igi bò lè fi ìwọ̀n 11 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù ju èyí tí oòrùn ń pa lọ ní agogo tí ooru mú jù. Igi náà tún ń tú omi jáde láti ara ewé rẹ̀, atẹ́gùn àyíká rẹ̀ sì ń tutù díẹ̀ sí i. Fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ọjà lọ sí ilé ní oṣù kejì ọdún pẹ̀lú ẹrù lórí, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé.

Ti omi tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tó ní koríko àti gbòǹgbò ń fa òjò mu. Títì ọlọ́dà, kànkéré àti bíríkì íntálọ́ọ̀kì tí wọ́n tò mọ́ra gbagbagba kì í fa nǹkan kan; gbogbo òjò tó bá rọ̀ sí wọn ni wọ́n ń dà sínú gọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gọ́tà bá ti kún fún ọ̀rá àti pàǹtí, omi á gba ojú ọ̀nà, a sì wọlé. Ìbàdàn ti fojú rí èyí lẹ́ẹ̀mejì tí ẹnikẹ́ni kò lè gbàgbé: omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, àti ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 tó gba ẹ̀mí tó lé ní 100. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú odò àti ìdọ̀tí tó dí ipa omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ilẹ̀ líle tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ń mú kí omi náà yára dé odò. Nítorí náà, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti hú kànkéré kúrò tí wọ́n sì gbin nǹkan sí ní àárín ìlú jẹ́ gọ́tà kan tí ìlú kò ní gbẹ́.

Òṣogbo: gáréèjì tó di ọgbà

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ agbègbè Ìbà jù lọ wà ní Òṣogbo, olú ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo, gáréèjì ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Old Garage. Nígbà ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó wà lórí àlééfà láti oṣù kọkànlá 2010 sí oṣù kọkànlá 2018, wọ́n sọ ilẹ̀ náà di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì fi orúkọ Nelson Mandela sọ ọ́. Freedom Park ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é báyìí. Àwọn olóṣèlú ń kó èrò jọ síbẹ̀, ẹgbẹ́ ń ṣe ayẹyẹ níbẹ̀. Ohun kan ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí ju ọgbà náà lọ: ilẹ̀ tó ti di ti mọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún padà di ti ènìyàn, lílọ bíbọ̀ ọkọ̀ ní Òṣogbo kò sì dáwọ́ dúró.

Ní àkókò kan náà, ìjọba gba àwọn ọ̀dọ́ 20,000 sínú ètò tí wọ́n ń pè ní O'YES, àwọn kan nínú wọn sì ń tọ́jú òdòdó àti koríko ní oríta àti ẹ̀gbẹ́ títì. Irú iṣẹ́ yìí ni ètò àtúnṣe ìlú sábà máa ń gbàgbé. Ẹni tó gbin igi máa ń ya fọ́tò. Ẹni tó ń bu omi rin ín ní oṣù kìíní, tí òjò ti lọ, ló ń mú kí ó yè.

Òṣogbo tún ní ohun tí ìlú díẹ̀ ní láyé: Igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75, tí UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Igbó yẹn kò ṣẹ́ kù nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ kò níye lórí. Ó ṣẹ́ kù nítorí pé àwọn ènìyàn gbà pé ilẹ̀ kan wà tí a kì í tà. Ìlú tó bá fẹ́ ní ọgbà ní àárín gbọ́dọ̀ ní irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ nínú òfin rẹ̀.

Oṣòdì: ta ni wọ́n lé, níbo ló lọ?

Èkó kọ́ wa ní apá tó le. Ṣáájú 2009, àwọn ọlọ́jà ti gba títì Oṣòdì débi pé ojú kan péré ló kù fún ọkọ̀ níbòmíràn. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kó wọn kúrò. Títì là, koríko àti òdòdó hù sí ibi tí ìsọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta bàtà níbẹ̀ kò dẹ́kun láti jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn kan sì ń yọ́ padà wá pẹ̀lú ọjà lọ́wọ́. Ní oṣù kìíní 2016, wọ́n tún wó ọjà Òwònífàrí níbẹ̀. Ní 2019 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá Oṣòdì, tó ní ilé èrò mẹ́ta.

Ẹ̀kọ́ tí onímọ̀ ètò ìlú gbọ́dọ̀ mú níbẹ̀ ṣe kedere. Ìyá tó ń ta ewédú lẹ́bàá títì wà níbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni èrò ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá kọ́ ọjà fún un sí ẹ̀yìn ìlú, tí kòrópe kò dé ibẹ̀, ọjà náà yóò ṣófo, yóò sì padà. Ibi tuntun gbọ́dọ̀ ti ṣetán, kí ó sì wà lójú ọ̀nà èrò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ibi àtijọ́. Àwọn ọlọ́jà, ìyálọ́jà wọn, àti ẹgbẹ́ onímọ́tò gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àtúnṣe tí katakata bá ṣáájú rẹ̀ ti kùnà ní ìdajì.

Copenhagen àti Kigali

Ní oṣù kọkànlá 1962, Copenhagen ní Denmark ti títì Strøget mọ́ mọ́tò láti dán an wò. Títì náà gùn tó kìlómítà kan àti díẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù pariwo pé ọjà àwọn kò ní tà mọ́. Ó tà, èrò sì pọ̀ sí i, wọ́n sì fi títì náà sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ pátápátá ní 1964. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlú náà ń dín ibi ìgbọ́kọ̀sí àárín ìlú kù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, tó bẹ́ẹ̀ tí ara ọlọ́kọ̀ fi ń gbà á.

Ti Kigali ní Rwanda sún mọ́ tiwa ju ti Denmark lọ. Ní 2015, wọ́n ti títì kan ní àárín ìlú mọ́ mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni títì náà fi wà lásán, tí kò ní àga, tí kò ní igi tó tó, tí oòrùn sì ń pa ọ̀dà rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì kùn. Ìgbà tí wọ́n padà wá tún un ṣe, tí wọ́n gbin koríko àti igi, tí wọ́n ṣe ibi ìjókòó, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ibi eré ọmọdé, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Imbuga City Walk, ni èrò tó rọ́ dé. Ìyàtọ̀ àárín ìgbà méjèèjì ni kókó ẹ̀kọ́ yìí: lílé mọ́tò lọ kò tó. Títì tí mọ́tò kúrò lórí rẹ̀, tí nǹkan mìíràn kò rọ́pò rẹ̀, aṣálẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ta ni?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé gómìnà ló ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò sọ bẹ́ẹ̀. Àfikún kẹrin rẹ̀ ka títì, iná ojú títì, gọ́tà, ọgbà ìgbafẹ́ àti ilẹ̀ gbangba mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀; ó sì ka ọjà, gáréèjì àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò mọ́ ọn. Èyí túmọ̀ sí pé ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, tí oríkò rẹ̀ wà ní Ìkìrun, àti Odò-Ọ̀tìn, tí oríkò rẹ̀ wà ní Òkukù, ló ni ojúde, gáréèjì àti ọgbà lápapọ̀ nínú òfin. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jùlọ tún dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà.

Àwòrán ìlú kò ṣàìsí. Àjọ UN-Habitat bá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe ètò ìdàgbàsókè fún ìlú mẹ́sàn-án, Ìkìrun sì wà lára wọn. Ọdún 2014 sí 2033 ni ètò náà wà fún. Ó yẹ kí olùkọ́ béèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì ètò ìlú, kí ọmọ ilé ìwé tó ń gbé nínú ìlú náà lè rí ohun tí wọ́n yà fún un.

Igi wo, níbo?

Igi tí wọ́n fẹ́ràn láti gbìn sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Nàìjíríà báyìí ni Ashoka, tó ń ga gbọọrọ bí òpó. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n kì í ní ìbòòji tó tó bo ẹni méjì. Fún ojúde àti ọjà, igi tó ń na ẹ̀ka ló yẹ: odán, dóńgóyárò, máńgòrò, fúrúùtù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àléébù tirẹ̀. Gbòǹgbò odán ń wá omi kiri, nítorí náà wọn kò gbọ́dọ̀ gbìn ín sún mọ́ ògiri ààfin tàbí páìpù. Èso máńgòrò ń jábọ́ sórí òrùlé ọkọ̀, àwọn ọmọdé sì ń sọ ọ́ ní òkúta. Dóńgóyárò ló fara da ọ̀gbẹlẹ̀ jù.

Ìdí tí igi ojú títì fi ń kú kò pọ̀. Kànkéré tí wọ́n dà yí i ká kò jẹ́ kí omi dé gbòǹgbò. Ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n gbìn ín ní oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ń lọ, dípò oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà. Àwọn oníná mànàmáná sì ń gé e lórí nítorí pé wáyà wà lókè rẹ̀. Ihò tó fẹ̀ tí kò ní kànkéré, ọgbà irin tàbí ọparun tó ga ju ewúrẹ́ lọ, àti ìyá ọlọ́jà kan tí igi náà wà níwájú àtẹ rẹ̀, tó sì gbà láti máa bu omi sí i, yóò gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là. Ẹni tí igi ń bò lórí ní ìdí láti ṣọ́ ọ.

Iṣẹ́ ìta kíláàsì

Kí kíláàsì pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, kí wọ́n sì lọ sí ojúde ọjà ìlú wọn lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ ọjà àti lọ́jọ́ tí ọjà kò sí. Ọ̀wọ́ kìíní yóò ka ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá, kòrópe àti ayọ́kẹ́lẹ́ tó kọjá láàárín ìṣẹ́jú 15. Ọ̀wọ́ kejì yóò fi tépù wọn fífẹ̀ títì, gọ́tà àti ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn láìsọ̀ sórí ọ̀dà, yóò sì ka mọ́tò tó dúró láìṣiṣẹ́ àti iye wákàtí tó lò níbẹ̀. Ọ̀wọ́ kẹta yóò ya àwòrán gbogbo igi tó wà níbẹ̀, yóò sì wọn ooru lábẹ́ ìbòòji àti nínú oòrùn ní agogo méjì ọ̀sán. Ọ̀wọ́ kẹrin yóò bá àwọn ọlọ́jà, awakọ̀ àti àwọn àgbà sọ̀rọ̀: ibo ni wọ́n lè gbà láti sún sí, kí ni wọn kò lè fi sílẹ̀, igi wo ni wọ́n rántí pé ó wà níbẹ̀ rí?

Lẹ́yìn èyí, kí gbogbo kíláàsì ya àwòrán ojúde náà méjì sórí káàdì ńlá, bó ṣe wà báyìí àti bó ṣe lè rí, kí wọ́n sì kọ iye mítà ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀, ti ọlọ́jà, ti mọ́tò àti ti igi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ yóò fi àwòrán méjèèjì ránṣẹ́ sí ààfin, ìyálọ́jà àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, yóò sì béèrè ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè wá ṣàlàyé rẹ̀.